Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Orí òye yìí ni àwọn baba ńlá Yorùbá gbé àáró àti ọ̀wẹ̀ kà. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a ṣe iṣẹ́ oko ẹnì kan lónìí, wọn a ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Síbẹ̀, olóko tí ó gbọ́n mọ̀ pé iye ọkọ́ tí ó wà lóko kọ́ ni iye ebè tí yóò délẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1913 ni Max Ringelmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ní kí àwọn ọkùnrin máa fa okùn, kí ó lè wọn agbára wọn. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ipá ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Nígbà tí wọ́n di 8, ó kù díẹ̀ kí ipá ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ìdajì èyí tí ó ń sà nígbà tí ó dá fà á. Apá kan àdínkù yìí jẹ́ nítorí pé ọwọ́ wọn kò ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, Latané àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀lẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbà pé àwọn ẹlòmíràn ń bá òun pariwo, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń ké. Ibi tí a kò bá ti lè mọ iṣẹ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń dẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí àáró fi ń yí kiri: ẹni tí ó bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ọ̀rẹ́ mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀ lóko tòun.

Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ nìkan kọ́ ní í ba iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe jẹ́. Ẹ̀rù náà ń bà á jẹ́. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1996, Amy Edmondson wo àṣìṣe lórí oògùn ní ilé ìwòsàn. Ó ti rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó dára jù ni àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré jù. Òdì kejì ni ó bá pàdé: àkọsílẹ̀ àṣìṣe tiwọn ni ó pọ̀ jù. Àlàyé tí ó rí ni pé wọn kò ṣi iṣẹ́ ṣe ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ń jẹ́wọ́ ni. Níbi tí ọ̀gá bá ti le koko, nọ́ọ̀sì a gbé ọ̀rọ̀ mì, ìwé a mọ́ tónítóní, aláìsàn a sì wà nínú ewu. Ní ọdún 1999, ó tún tẹ ìwádìí jáde lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 nínú ilé iṣẹ́ kan: ibi tí ọkàn bá ti balẹ̀ láti béèrè àti láti jẹ́wọ́, ibẹ̀ ni a ti ń kọ́gbọ́n, tí iṣẹ́ sì ń yọrí. Ní ọdún 2010, Anita Woolley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ènìyàn 699 wò ní ẹgbẹ́ kéékèèké. Ọpọlọ ẹni tí ó mú jù kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ẹgbẹ́ yóò ti ṣe sí. Kí ọ̀rọ̀ kárí ẹnu, kí a sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ara wa, ni ó já mọ́ nǹkan jù.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ kékeré bá rí i pé a ṣi máàkì ọmọ kan kọ, tí ó sì dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá, ọmọ náà ni yóò san gbèsè ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọ̀wọ̀ kò ní kí a dákẹ́. Bí a ó ti sọ ọ́ ni ó kọ́ wa. Àṣà Yorùbá ti la ọ̀nà sílẹ̀: ọmọdé a ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe," àgbà a sì ní kí ó rí òmíràn pa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọdé bá gbọ́n tí kò lè fọhùn, ọgbọ́n àgbà nìkan ni ó kù, ìyẹn kò sì tó dá ìlú.