Ìrìn Wa sí Ìkẹ́nnẹ́

Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pé odò wo ni ó ṣàn la Lọ́ńdọ́nù kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn na ọwọ́ sókè. Mo tún bi wọ́n pé odò wo ni ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ó múlé ti ìlú wa, kẹ́kẹ́ pa. Ojú tì mí, nítorí èmi ni olùkọ́ wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo kó wọn jọ, a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ìkẹ́nnẹ́ wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣágámù, Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn ni aládùúgbò rẹ̀. Alákẹ́nnẹ́ ni ọba ibẹ̀, Uren sì ni odò rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn baba ibẹ̀ ń ṣe: wọ́n ń gbin obì, kòkó àti ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe ìlú ńlá rárá.

A kọ́kọ́ dúró níbi ibojì Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni a gbé bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Níbẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Hannah aya rẹ̀, tí ó kú ní ọdún 2015, sùn lẹ́bàá rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ti ń wo ẹwà ilé náà, mo sọ fún wọn nípa baba rẹ̀, David Ṣópólú, àgbẹ̀ tí í tún máa fi ayùn la igi gẹdú. Baba yìí kú ní ọdún 1920, ọmọ náà sì fi ìyà àti iṣẹ́ ọwọ́ wá owó ilé-ìwé kiri. Òun náà ni ó wá di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba rẹ̀ sì ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé-ìwé Mayflower, tí Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, àti Sheila aya rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn tí ń wá òmìnira ìsìn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620 ni ó fi sọ ọ́. Níbẹ̀, bí ọmọ ti ń di ìwé mú ni ó ń di ọkọ́ mú.

Ọmọ kan wá bi mí pé, “Olùkọ́, ṣé òótọ́ ni pé Ṣólàrín kò gba Ọlọ́run gbọ́?” Èmi tí mo ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣe ìsìn. Mo dáhùn pé, “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Níbẹ̀ ni ọ̀nà èmi àti òun ti yà. Síbẹ̀ ó fi ayé rẹ̀ tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí àwa tí a gbàgbọ́ kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ta ni ojú ó tì?” Kò sí ẹni tí ó fọhùn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a wẹ ẹsẹ̀ ní odò Uren. Gbogbo wọn ti mọ orúkọ rẹ̀ wàyí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ìbéèrè Nàtáníẹ́lì nípa Násárẹ́tì, kí ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ìlú kékeré tí a rán yín sí. Ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì yín, tí kò rí owó ìwé san, ẹ kò mọ ohun tí yóò dà.