Ohùn Ìyá Àgbà Tí Kò Dé

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2024, ìyá àgbà mi ní Kétu parí ọ̀rọ̀ wọn báyìí pé: "Ó tó báyìí, ọkọ mi. Bí ó bá di ọ̀la, n ó sọ bí wọ́n ṣe rìn wálé fún ọ." Èmi wà ní Ìbàdàn, nínú yàrá tí àwa mẹ́rin ń gbé, mo fi fóònù mọ́ etí, mo sì ń kọ ohun gbogbo tí mo gbọ́ sínú ìwé. Ọ̀la náà dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá àti èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan ní kí olúkúlùkù wa gba ìtàn kan lẹ́nu àgbàlagbà ilé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu, kí ó má ṣe tún un ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú. Èmi kò ní owó tí yóò gbé mi dé Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a gbé bí ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó sì ní fóònù. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, a gbé fóònù náà sí iwájú ìyá àgbà, wọn a sọ̀rọ̀ sí i, ọmọ náà a sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èmi náà a dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ìyá àgbà. Mo gbọ́."

Ìtàn ìyá ìyá wọn ni wọ́n ń sọ. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí a sun ìlú náà, tí a sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọdébìnrin kékeré ni ìyá ìyá wọn nígbà náà. Ó dé Abomey kí ó tó mọ̀ pé òun ti di ẹrú. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá tún Kétu tẹ̀ dó. Alẹ́ mẹ́ta ni ìyá àgbà fi sọ ti ogun àti ti oko ẹrú. Ti ìrìn àbọ̀ ni ó kù: ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà gbà, àti orúkọ obìnrin kan tí ó fún wọn ní oúnjẹ ní abúlé kan. Àní orúkọ obìnrin yìí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ariwo sọ ní ibùgbé wa. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ní báńkì kò rí i fi ránṣẹ́; ẹni tí ó fẹ́ ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí nǹkan kà. Èmi rò pé dátà mi ni ó tán, mo sáré lọ ra òmíràn, owó náà sì gbé. Mo pe Kétu lórí fóònù, ìpè náà kò wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó là mí lójú. Ó ní wáyà abẹ́ òkun ti já ní ọ̀kánkán Àbíjàn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni: SAT-3, WACS, ACE àti MainOne.

Mo bi í pé kí ni Àbíjàn ní í ṣe pẹ̀lú Kétu. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ṣé o rò pé Ìmẹ̀kọ ni ohùn ìyá àgbà rẹ ń gbà wá ni?" Ó ní ohùn náà yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọ̀nù, yóò wọ òkun níbẹ̀, yóò kọjá níwájú Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire, yóò dé òkè òkun níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń pín iṣẹ́ wà, kí ó tó tún gba inú òkun padà wá sí Èkó, kí ó tó wá gòkè wá bá mi. MainOne nìkan, láti ilẹ̀ Potogí dé Èkó, gùn tó 7,000 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ ni Kétu sí Ìbàdàn kò pé 150 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà.

Bí ẹ bá rí wáyà náà, ẹnu yóò yà yín. Ní ibú òkun, kò nípọn ju rọ́bà tí a fi ń bu omi rin ọgbà lọ. Fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ni ó wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú fọ́nrán náà. Ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀ náà lójú ọ̀nà bí ó ti ń rẹ arìnrìn-àjò, nítorí náà a fi ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fún un lágbára sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Nítòsí etíkun, irin ni a fi wé e nítorí àwọ̀n apẹja àti ìdákọ̀ró ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí MainOne gbé já jìn tó 3 kìlómítà, ìdákọ̀ró kò sì lè dé ibẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni a gbà pé ó ya. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò wá fi ìwọ̀ wọ́ wáyà náà jáde láti inú ibú, kí àwọn oníṣẹ́ tó jókòó so gíláàsì mọ́ gíláàsì. Oṣù kẹrin ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn so, ó sì di oṣù karùn-ún kí iṣẹ́ náà tó parí.

Kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní 2009, SAT-3 bàjẹ́, ìyà rẹ̀ sì jẹ Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nàìjíríà, àti Niger tí kò ní etíkun rárá. Nígbà náà a ní wáyà púpọ̀ ni oògùn rẹ̀, a sì na púpọ̀. Àṣé orí ẹní kan náà ni a tẹ́ wọn sí! Equiano, tí ó dé Lomé àti Èkó ní 2022, kò sí lára àwọn tí ó já ní ọjọ́ náà. Orúkọ Olaudah Equiano ni a fi sọ ọ́, ẹni tí a kó lẹ́rú gba orí òkun kan náà, tí ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1789. Ó kéré tán, òun rí ìtàn tirẹ̀ sọ parí.

Nígbà tí mo ń wádìí ọ̀ràn yìí, mo rí ohun kan tí ó mú mi pa ìwé dé. Ní 1886 ni wáyà tẹligíráàmù abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún tí Kétu jó ni! Bí wáyà náà ti rí ní ọjọ́ náà ni ó ṣì rí lójú mi: ojú rẹ̀ kọ òkè òkun, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ aládùúgbò. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ dáwó jọ fún SAT-3, ṣùgbọ́n bí ìkòkò àjùmọ̀ní ni, tí olúkúlùkù ń bu tirẹ̀ lọ jẹ ní ìyẹ̀wù. Àjọ ECOWAS gbé ètò wáyà kan kalẹ̀ tí a fi orúkọ Amílcar Cabral pè, láti so Cape Verde, Senegal, Gambia, Guinea-Bissau, Guinea, Sàró àti Liberia pọ̀. Inú mi dùn sí irú èrò bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ dé apá ọ̀dọ̀ wa.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo yá owó, mo sì gba Abẹ́òkúta, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ lọ sí Ìlárá, níbi tí mo gbé gun ọ̀kadà wọ Kétu. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá àgbà wò mí títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"O kú ìrìn, ọkọ mi. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ mi sú ọ ni."

Alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ sí fóònù láìgbọ́ "Ẹ ṣeun" mi. Ní alẹ́ kẹrin wọ́n ní kí ọmọ náà gbé e kúrò níwájú àwọn. Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ìyá àgbà sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní nígbà tí òun rí i pé wọn kò lọ, tí fóònù òun sì kún, òun ti pa wọ́n rẹ́.

Ní alẹ́, mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ti ìrìn náà sọ."

"Wọ́n rìn, wọ́n dé ilé."

"Obìnrin tí ó fún wọn ní oúnjẹ ńkọ́?"

Wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn ti dárúkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà; kò wá sí àwọn lẹ́nu mọ́. Mo wá ṣàlàyé wáyà òkun fún wọn, bí ó ti já, àti ibi tí ohùn wọn máa ń gbà. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n ní, "Ìlárá tí o gbà wá yìí, kí ló dé tí ohùn mi kò lè gba ibẹ̀?"

Mo fi ìdánwò náà sílẹ̀ fún olùkọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Láàárín ibi tí àwọn ọmọ náà ti kúrò ní Abomey àti ibi tí wọ́n ti dé Kétu, mo fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Nígbà tí mo gba ìwé mi padà, olùkọ́ ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé: "Kí ni ó yẹ kí ó wà níhìn-ín?"