Ṣọ́ọ̀bù Muṣin, Kíláàsì Yábàá, Ọkọ̀ Àpápá

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé ẹ̀bá òkun la ti kọ́ iṣẹ́ rédíò àti rédà inú ọkọ̀ òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa tí a jọ ṣe iṣẹ́ náà ní Àpápá, orí ilẹ̀ gbígbẹ la ti kọ́ ọ: ṣọ́ọ̀bù ní Muṣin lọ́sàn-án, kíláàsì ní Yábàá lálẹ́.

Ìtòsí Ìdí-Àràbà ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Rédíò, giramafóònù àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe. Fáàfù ṣì pọ̀ nínú rédíò nígbà náà. Bí o bá tan án, o ní láti ní sùúrù kó gbóná kó tó fọhùn. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká fi ìkánjú tú nǹkan. A ní ká kọ́kọ́ tẹ́tí sí i. Èyí tó bá ń kùn láìdákẹ́, kàpásítọ̀ ibi iná ló ti kú. Èyí tó bá ń ta pàpà nígbà tí a bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n fi òjé lẹ̀ ló ti ya. Ọ̀gá kò lọ síléèwé rédíò kankan, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó má rí ìdí àrùn. Bí ọdún àdéhùn bá pé, wọn a ṣe fírídọ̀ọ̀mù: àdúrà, oúnjẹ, fọ́tò, àti ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí níwájú àwọn òbí. Ìwé yẹn tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ. Kò tó fi wọ ọkọ̀ òkun, nítorí kò sí kápútẹ́ẹ̀nì tó mọ ọ̀gá wa.

Ohun tó gbé wa dé Yábàá nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947 ní orúkọ Yaba Technical Institute ti di Yaba College of Technology láti 1963, a sì ń lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìdánwò City and Guilds la ń múra sílẹ̀ fún. London ni ìbéèrè ti ń wá, London náà ni èsì ti ń wá, ọkàn rẹ kò sì ní balẹ̀ títí yóò fi dé. Kíláàsì yẹn ni mo ti wá mọ ìdí tí rédíò fi ń kùn àti ìdí tó fi ń ta pàpà. Ọ̀gá mi mọ ohun tó ń ṣe é. Ìwé sọ ohun tó fà á.

Trade test ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tún wà: Grade Three, Grade Two, Grade One. Wọn a gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ síwájú rẹ, olùdánwò a sì dúró tì ọ́. Ẹni tó há ìwé sórí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó òjé a máa làágùn níbẹ̀.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ló gbé wa dé Àpápá. Inú ọkọ̀ òkun, iyọ̀ ni ọ̀tá wa. Atẹ́gùn òkun máa ń gbé e wọnú gbogbo ihò, á jẹ wáyà, á jẹ orí ẹ̀ríà. Rédà tún ní ewu tirẹ̀: iná tó ń gbé magnetron ṣiṣẹ́ lágbára gan-an, kàpásítọ̀ rẹ̀ sì lè di iná mú lẹ́yìn tí o ti pa ẹ̀rọ. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ mi ní Àpápá ni pé kí n tó gun òpó lọ sídìí ẹ̀ríà rédà, kí n yọ fíúsì, kí n fi sápò ara mi. Ẹni tí fíúsì wà lápò rẹ̀ kò bẹ̀rù pé ẹnìkan lè tan rédà mọ́ òun lórí.

Nínú yàrá rédíò, aago kan wà lára ògiri tí wọ́n fi pupa sàmì sí lójú méjì, láti ìṣẹ́jú 15 sí 18 àti láti 45 sí 48. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta yẹn, gbogbo ọkọ̀ a dákẹ́ lórí 500 kHz kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń fi Morse ké SOS. Lẹ́yìn tí Titanic rì ní 1912 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní London ní 1914, tí wọ́n ṣe àdéhùn SOLAS, pé ó di dandan kí ọkọ̀ máa tẹ́tí sí rédíò. Sparks ni wọ́n ń pe ọ̀fíísà tó wà nídìí rẹ̀.

Ọdún tí mi ò lè gbàgbé ni 1975. Ìjọba Gowon ra sìmẹ́ǹtì tó tó ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ wá kún ẹnu omi Èkó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n ń retí àyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Sìmẹ́ǹtì ń bàjẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà ń bàjẹ́. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé wa lọ bá wọn, a ó sì fi àkàsọ̀ okùn gòkè pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ léjìká. Ìbéèrè tí kápútẹ́ẹ̀nì máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Ìwé rẹ dà?” Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n kò jókòó fún ìdánwò rí. Òun ló ń bá mi gbé àpótí, òun ló ń rí ibi tó bàjẹ́, orúkọ mi ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ọkọ̀.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun tiwa-n-tiwa, Nigerian National Shipping Line, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, kógbá wọlé ní 1995. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì 1999, GMDSS, ètò tuntun tí ọkọ̀ fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́ lójú òkun, gbòde pátápátá: sátẹ́láìtì rọ́pò Morse, òfin kò sì béèrè Sparks nínú ọkọ̀ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀ fún àtúnṣe: kí ọkọ̀ ní ẹ̀rọ méjì-méjì, kí ó ní onímọ̀ ẹ̀rọ nínú, tàbí kí ó ní ẹni tí yóò tún un ṣe lórí ilẹ̀. Ọ̀nà ìkẹta yẹn yẹ kó jẹ́ oúnjẹ fún àwọn ọmọ Muṣin. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí tiwọn lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí STCW, àdéhùn lórí ìwé ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ní Manila ní 2010 tún wá fi ipò ọ̀fíísà ẹ̀rọ iná, ETO, lọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ìwé ń pọ̀ sí i; ọwọ́ tó mọṣẹ́ tí kò níwèé ń jókòó sílé.

Lójú tèmi, ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ kọ́. Àwa ọ̀gá la kì í tì wọ́n síwájú. NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tiwa, ti gba ipò City and Guilds láti ọdún 1992 síhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń retí London mọ́. Trade test ṣì wà. NBTE, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, náà ti ní ètò ìwé ẹ̀rí ọgbọ́n ọwọ́, NSQ, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹni lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ìwé, ìyẹn ohun tí olùdánwò trade test ń ṣe fún wa láyé ọjọ́sí.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù láti Muṣin títí dé Ojúẹlẹ́gba, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó ti ṣe ìdánwò kan tí ìjọba mọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ yọ ọ́ nínú owó àsè.