Láti Ọ̀rà dé Kútọnu, Lójú Ọ̀nà Gáàsì

Òwúrọ̀ kùtù ni a kúrò ní Ọ̀rà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jó irin páìpù gáàsì. Ìtókì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a kọ́kọ́ dójú lé, lẹ́yìn náà Bàdágìrì, lẹ́yìn náà Kútọnu. Ohun tó gbé mi dìde ni ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa máa ń bèèrè nígbàkígbà tí gáàsì ìdáná bá gbówó lérí: kí ló dé tí páìpù gáàsì kò dé ìhà Ìgbómìnà?

Kí a tó dé Ìkìrun ni ẹ̀gbọ́n mi ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. “Èyí tó wà nínú sílíńdà, propane àti butane ni. Bí wọ́n bá ki í, á di omi, ọkọ̀ á sì gbé e dé Ọ̀rà. Ti inú páìpù, methane ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n ki í tó, kò ní di omi, àfi tí wọ́n bá mú un tutù kọjá yìnyín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń la ilẹ̀ nítorí rẹ̀.”

A gba Òṣogbo, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kọjá kí a tó dé Ìtókì. Ibẹ̀ ni páìpù tó ti Escravos wá ń fa gáàsì lé páìpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́, èyí tí Nàìjíríà, Bìnì, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 2003. Láti Ìtókì, páìpù oní-íǹṣì 30 rin kìlómítà 56 dé etíkun lẹ́bàá Bàdágìrì. Níbẹ̀ ló ti di oní-íǹṣì 20, tó sì gba abẹ́ òkun lọ fún kìlómítà 569, títí dé Takoradi ní Gánà.

Ní ìsọ̀ olóúnjẹ kan ni ẹ̀gbọ́n mi ti fa bébà yọ. “Ká ní prẹ́ṣọ̀ jẹ́ bar 100 níbẹ̀rẹ̀ páìpù, tó sì ku 60 lópin. Mélòó ni yóò kù ní ìdajì ọ̀nà?”

Ẹni tó bá ń kánjú yóò sọ pé 80. Ṣùgbọ́n nínú páìpù gáàsì, a ní láti kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 6,400. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀nà ń jẹ ní dọ́gbadọ́gba. Ní ìdajì ọ̀nà, ó ti jẹ 3,200, ó ku 6,800, èyí tó bọ́ sí nǹkan bíi bar 82.5. Bar 17.5 ló lọ ní ìdajì àkọ́kọ́, 22.5 ló lọ ní ìdajì kejì.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí prẹ́ṣọ̀ ti ń dínkù ni gáàsì ń fẹ̀, bí òwú tí a tú kúrò nínú àpò tó há. Iye kan náà ló sì gbọ́dọ̀ kọjá níbi gbogbo, nítorí náà ó ní láti túbọ̀ sáré. Bó ṣe ń sáré sí i ló ń ha ara páìpù sí i.

“Wàyí o, àbúrò mi, sọ gáàsì tó ń kọjá di ìlọ́po méjì.” Mo ṣe é: 6,400 di ìlọ́po mẹ́rin, 25,600. Gbogbo ohun tí a sì ní níbẹ̀rẹ̀ kò ju 10,000 lọ. Páìpù náà kò lè gbé e láéláé.

Nítorí èyí ni ibùdó ẹ̀rọ tó ń ki gáàsì fi wà lẹ́bàá Bàdágìrì, kí gáàsì lè ní agbára tí yóò ná lábẹ́ òkun. Prẹ́ṣọ̀ yìí kan náà ló tú àṣírí ìjàm̀bá oṣù kẹjọ ọdún 2012. Nígbà tó já wálẹ̀ lójijì, àwọn tó ń ṣọ́ ọ mọ̀ pé páìpù ti bàjẹ́ létíkun Tógò. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ló fà á, ó sì di ọdún 2013 kí gáàsì tó tún kọjá.

A gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Kútọnu. Ẹ̀ka páìpù tó yà wá síbẹ̀ láti inú òkun kò ju íǹṣì 8 lọ. Ẹnu rẹ̀ wọ inú ti oní-íǹṣì 20 lẹ́ẹ̀mẹ́fà lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bí gígùn àti prẹ́ṣọ̀ bá dọ́gba, ìṣirò tí Thomas Weymouth gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1912 fi hàn pé oní-íǹṣì 20 yóò gbé ju ìlọ́po 11 lọ. Ìbú ló ń jẹ gàba lórí ohun gbogbo nínú ìṣirò yìí.

Ìdáhùn tí mo ní fún àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀rà nìyí. Ọ̀nà wa jìn, àwọn tó máa rà á kò tíì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú prẹ́ṣọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí páìpù fún wa, ohun mẹ́ta ni kí a bi í: báwo ló ṣe gùn tó, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, prẹ́ṣọ̀ mélòó ni yóò kù nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa? Kí a tẹnu mọ́ ìbú jù. A lè fi ẹ̀rọ tó ń ki gáàsì kún un lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n páìpù tí wọ́n bá ti rì mọ́lẹ̀ ní tín-ín-rín, tín-ín-rín ni àwọn ọmọ wa yóò bá a.