Kí A Tó Gé Wáyà

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kabúrétọ̀ ni ó ń po epo rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́; wáyà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì òde-òní kò rí bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ rẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ sì ni amí tí ń jíṣẹ́ fún un.

Ní Ìwó, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi irú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú 504 kan tí awakọ̀ rẹ̀ fi ń ná Ìbàdàn. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ gé wáyà wọ̀nyí dànù, wọ́n ti pọ̀ jù."

Ọ̀gá riwáyà fèsì pé, "Ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ti ilẹ̀kùn, a ó yọ wọ́n, ọkọ̀ rẹ kò lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé ti sẹ́ńsọ̀ kiránkì, ẹ́ńjìnnì lè má jí. Bí mo bá gé ti èyí tí ń wọn ooru omi, fáànù lè kọ̀ láti yí, kí ẹ́ńjìnnì sì nókì lójú ọ̀nà."

Ìmọ̀ ni ó ń sọ ohun líle di ìrọ̀rùn, kì í ṣe ìkánjú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kò yẹ kí ó sọ pé ó pọ̀ jù.