Òwúrọ̀ Kan Láàárín Àwọn Ẹyẹ

A kírun Àsúbà tán ni èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ gbéra lọ sí igbó IITA ní Ìbàdàn láti lọ wo ẹyẹ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, dá igbó kan sí tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà.

Òfin àkọ́kọ́ tí amọ̀nà fún wa ni pé kí a pa ẹnu mọ́. Àwọn ọmọ rò pé ojú ni a fi ń wá ẹyẹ. Àṣé etí ni. Ohùn kan dún lókè igi, ó ní, “Àgbìgbò nìyẹn.” Òmíràn dún, ọ̀kan náà ni létí tiwa, ó ní rárá, ẹyẹ mìíràn ni. Báyìí gan-an ni síínì àti sọ́ọ̀dì ṣe máa ń rí létí ọmọ kéwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ tí mo tìtorí rẹ̀ lọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìbàdàn pè: Malimbus ibadanensis. Ìbátan ẹ̀gà ni. Akọ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ títí dé àyà pupa yòò. Elgood, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ fáyé ní 1958. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo àgbáyé, igbó ibẹ̀ sì ń di oko àti ilé. Mo bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìbàdàn ni gbogbo wọn!

A kò rí i. A rí ìbátan rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àtàrí àti ẹ̀yìn ọrùn nìkan ló pọ́n lára ìyẹn. Ọ̀fun rẹ̀ dúdú.

Nígbà tí a jáde sí pápá koríko, lékeléke ń ṣa tata jẹ. Ọmọ kan fa rọ́bà tí wọ́n fi ń ta òkò yọ. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, “Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?”

“Rárá, Áfáà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òkò mi á bà á ni.”

A jókòó síbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé nínú Súúrà An'ám, ẹsẹ 38, Ọlọ́hun pe àwọn ẹyẹ ní ìjọ bíi tiwa. Mo sọ ti ẹyẹ tí àwọn sàábé kó ọmọ rẹ̀ méjì, tí ó ń rà bàbà lórí wọn, tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ní kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un. Àbú Dáúdà ló gbà á wá. Ọmọ náà kò fèsì. Ó na rọ́bà náà sí mi.

Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Kò tíì wá bèèrè rẹ̀.