Hal Finney àti Ìwé Owó Rẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, Hal Finney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Kalifọ́níà, fi ètò Bitcoin sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ètò náà kò ní àṣírí. Ẹni tó bá fẹ́ lè ka bí a ṣe kọ ọ́. Nígbà tí Satoshi Nakamoto fi bitcoin 10 ránṣẹ́ sí i, kò sí báńkì láàrin wọn: kọ̀ǹpútà Finney fúnra rẹ̀ ló yẹ ìwé owó náà wò láti ojú-ewé àkọ́kọ́. (Ìwé tínrín ni nígbà náà; lónìí ó ti ju gígábáìtì 500 lọ.) Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó pa á, nítorí ẹ̀rọ ń gbóná, ariwo fáànù sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún náà gan-an ni àìsàn ALS, tí í sọ iṣan ara di òkú, dé sí i lára. Ní ìparí ọdún 2010 ó tún ṣí àpò àtijọ́ náà. Owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó fi í pamọ́ de àwọn ajogún rẹ̀.